Ilẹ̀dú Bàbá Koríko

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Bàbá Koríko jẹ́, ẹ da nǹkan nù lójú rẹ̀. Ẹ ju èèpo ọsàn sínú garawa ìdọ̀tí, kí ẹ tó yíjú padà, ó ti mú un. Ewé tó já, èèpo ẹyin, irun tí wọ́n gé fún ọmọ, ìwé ìròyìn àná, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ààtàn rẹ̀ wà. Ọdún méjìlá ló ti ń tọ́jú ọgbà ilé alájà mẹ́rin náà. Ìdílé mẹ́rìnlélógún ló ń gbé ibẹ̀, pápá koríko kan ṣoṣo tó wà láàárín ni gbogbo wọn sì jọ ń lò. Yàrá tirẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ibẹ̀ le gbagidi, òkúta àti àfọ́kù ìgò ló kún un. Ní báyìí, tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ ebè òdòdó ibẹ̀, ọwọ́ yín á wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ohun tí àwọn ará ilé ń dà nù ló fi ṣe é. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá dúró gbọ́, àti fún ẹni tí kò dúró pàápàá, pé kò sí ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí láyé yìí, ọ̀lẹ ló pọ̀.

Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń dúró gbọ́ ni ọmọ télọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Kílódé ni Bàbá Koríko sọ ọ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ, torí ọmọ náà ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ló dé tí ekòló ò ní ojú? Kí ló dé tí òjò kì í rọ̀ sí abẹ́ bẹ́ńṣì? Kí ló dé tí irùngbọ̀n yín funfun, tí irun imú yín dúdú? Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń tọ́ ọ, iṣẹ́ aṣọ kì í sì í jẹ́ kí obìnrin náà rójú. Nítorí náà, láti ìgbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, ọ̀dọ̀ Bàbá Koríko ló máa ń wà. Ọkùnrin náà ò bímọ, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú kó tó dé ilé yìí. Kò jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta yẹn ló ń mú kó wù ú láti jí láàárọ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó fún ọmọ náà ní ebè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò ju apá méjì lọ ní gígùn. Ó fi wáyà yí i ká kí ajá tàbí ológbò má baà hú u. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó bu èyí tó gbó jù nínú ilẹ̀dú rẹ̀, ó fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí òkúta má baà ha ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Kílódé gbin ẹ̀wà méje síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń hú wọn wò bóyá wọ́n ti jí, bó bá sì ti bò wọ́n padà tán, á jókòó tì wọ́n, á máa jẹ èékánná rẹ̀.

Ajà kẹta ni Agbẹ̀bí ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó pè é ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kó jáde nílé, ó lọ mú ọmọ ajá kan wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ ó gbádùn lórí fóònù: kí ló ń ṣe nìkan nílé, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, ta ni yóò gbọ́ tó bá ṣubú? Ó wá sọ ajá náà ní Jẹ́nsinmi, ó ní orúkọ yẹn ni èsì òun sí gbogbo wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń fi okùn mú un sọ̀kalẹ̀ wá sí pápá. Bí Jẹ́nsinmi bá ti ṣe tirẹ̀ tán, Agbẹ̀bí á fi ọ̀rá bo ọwọ́, á bẹ̀rẹ̀, á kó gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan, á sì di ẹnu ọ̀rá náà ní kókó méjì. Bàbá Koríko máa ń dúró tì í pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Agbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ ni àbí abo?"

"Ìbejì ni lónìí, bàbá. Tìyá tọmọ wà láàyè."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, Agbẹ̀bí á ju ọ̀rá sínú garawa ẹnu géètì, á fa ajá rẹ̀ gòkè lọ.

Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Bó bá ti wọlé tán, Bàbá Koríko á yọ ọ̀rá náà nínú garawa, á tú kókó méjèèjì, á sì gbé ohun tó wà níbẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kò fi pamọ́, kò sì ronú pé ó yẹ kí òun sọ. Ta ló ń bi olùtọ́jú ọgbà léèrè ohun tó wà nínú ààtàn rẹ̀? Ìdí màálù ni wọ́n bí i sí, ìgbẹ́ màálù ni bàbá rẹ̀ fi ń gbin nǹkan, ìgbẹ́ sì ni ìgbẹ́ lójú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé tútù kò dára fún irúgbìn, nítorí náà ó máa ń tò ó sọ́tọ̀ sí ìboòji fún oṣù méjì gbáko. Tó bá pé, á bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, á gbé e sí imú. Tí kò bá rùn mọ́, ó ti di ilẹ̀ nìyẹn, á sì dà á pọ̀ mọ́ ilẹ̀dú yòókù.

Ikọ́ ni àìsàn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rò pé ikọ́ lásán ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan, ó lo méjì, ibà sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Èémí rẹ̀ wá ń dún bíi géètì tí wọn ò fi òróró sí. Ní ilé ìwòsàn àdúgbò, wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí i padà. Ìgbà kẹta ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ dókítà obìnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, èyí tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kó tó kọ̀wé.

"Ṣé ajá wà níbi tí ẹ ń gbé?"

"Ọ̀kan wà. Kì í ṣe tèmi."

"Ṣé ọmọ yìí máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré?"

Télọ̀ ní òun ò mọ ohun mìíràn tó ń ṣe. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ọjọ́ kẹrin ni èsì jáde pé aràn ajá ni. Dókítà ṣàlàyé pé inú ìgbẹ́ ajá ni ẹyin rẹ̀ máa ń wà, pé ọmọ á fi ọwọ́ ìdọ̀tí gbé e mì, ẹyin náà á pa nínú rẹ̀, àwọn ọmọ aràn náà kò sì ní jókòó jẹ́ẹ́ sínú ikùn bíi tàwọn yòókù. Wọ́n á máa rìn kiri ara, wọ́n á dé ẹ̀dọ̀, wọ́n á dé ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn rẹ̀ wà, òun yóò sì fún un lónìí. Ohun tí àwọn ò fẹ́ ni kó dé ojú.

"Tó bá dé ojú ńkọ́?" ni télọ̀ béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó lo oògùn yìí ná. Ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù kan ká yẹ ojú rẹ̀ wò."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àtẹ̀gùn ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Alága ilé, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: ìpàdé pàjáwìrì, ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ sọ ni ọ̀rọ̀ ajá. Ilé ìwòsàn náà rán obìnrin wolé-wolé kan wá. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ níbi márùn-ún nínú ọgbà, ó kó wọn sínú àpò kéékèèké, ó kọ nọ́ńbà sí wọn lára, ó sì lọ.

Kí ni Bàbá Koríko ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Inú ń bí i ni. Mi ò ní purọ́ bò ó. Ó lọ sọ́dọ̀ télọ̀, ó ní ẹni tó bá fi ajá pa ọmọ yìí lára, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́. Agbẹ̀bí kí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣe bí ẹni tí koríko ń dí etí rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, obìnrin náà wá bá a nídìí ebè.

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni ẹlẹ́rìí mi nínú ilé yìí. Ojoojúmọ́ lẹ ń rí mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń kó o."

"Mo ń rí yín lóòótọ́," ni Bàbá Koríko wí, kò sì gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ajá kì í sọ gbogbo ibi tó bá dé fún olówó rẹ̀."

Agbẹ̀bí wò ó títí. Ó yí padà, ó ń fi ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú bó ṣe ń gòkè, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni wọ́n ti ṣèpàdé, kálukú gbé àga tirẹ̀ wá. Bàbá Koríko dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Wolé-wolé ṣí ìwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nọ́ńbà kìíní, àárín pápá, kò sí nǹkan kan. Ìkejì, ìdí bẹ́ńṣì, kò sí nǹkan kan. Ìkẹta, ẹ̀bá géètì, kò sí. Ìkẹrin, ebè òdòdó, ẹyin aràn wà níbẹ̀. Ìkarùn-ún, ebè kékeré tí wọ́n fi wáyà yí ká.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ni wolé-wolé wí. "Mi ò tíì rí iye tó tó ìyẹn rí. Ohun tí kò sì yé mi ni pé ibi tí ajá ti ń rìn mọ́ tónítóní. Báwo ni ìgbẹ́ ajá ṣe dé inú ebè tí ajá ò lè wọ̀?"

"Ajá náà ń fo wáyà ni," ni Alága dáhùn kíá. Ìṣirò ti yọrí lójú tirẹ̀. "Gbogbo ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí ajá yìí kúrò nílé yìí láàárín ọjọ́ méje, ẹ nawọ́ sókè."

"Tí ajá bá lọ, èmi náà ń bá a lọ," ni Agbẹ̀bí wí láti ibi tó jókòó sí. Kò pariwo. Ó dà bíi pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ lọ́kàn.

Nǹkan kan ti ń rìn nínú Bàbá Koríko láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ebè kékeré yẹn. Ó gbé fìlà láti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá wolé-wolé," ló wí. "Tí ìgbẹ́ náà bá ti pẹ́ ńkọ́? Tó ti gbẹ, tí kò rùn mọ́, tó ti di iyẹ̀pẹ̀?"

"Bàbá, èyí tó pẹ́ gan-an ni ká sá fún. Èyí tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, ẹyin inú rẹ̀ ò tíì lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Tí wọ́n bá kó o lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n dà á nù, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹyin náà tó gbó, pàápàá níbi tó bá tutù, tó ní ìboòji. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún. Òórùn á ti lọ ní tirẹ̀, ẹyin á ṣì wà."

Oṣù méjì gbáko, nínú ìboòji. Ó ti sàba lé ẹyin aràn bíi adìyẹ. Ó ti kó o wá láti ibi tí wọ́n dà á nù sí, ó ti tọ́jú ẹ̀ dàgbà, ó ti jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á síwájú ọmọ tó fẹ́ràn jù láyé. Ẹ̀rù bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rù iṣẹ́ tàbí yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn. Tó bá la ẹnu rẹ̀, télọ̀ ò tún ní jẹ́ kí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Tó bá sì pa ẹnu mọ́, ajá á lọ, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ọwọ́ ti ń lọ sókè. Ti télọ̀ wà lára wọn, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti wú fún àìsùn. Bàbá Koríko wo ọwọ́ yẹn. Ó ronú pé obìnrin yìí ń lé ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ dúró síbí ó ń wò ó.

"Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ajá. Èmi ni."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀, àní imú tó fi ń gbóòórùn rẹ̀. Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ń tú u?"

"Mo ń tú u."

"Kókó méjèèjì?"

"Kókó méjèèjì, Agbẹ̀bí. Ẹ má bínú. Ẹ bẹ̀ mí pé kí n jẹ́rìí yín, èmi gan-an sì ni ọ̀daràn."

Agbẹ̀bí mi orí. "Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n má gbàgbé oògùn aràn," ló wí. "Mo mú ajá wálé, mo ń fún un ní oúnjẹ sísè, mi ò rántí rárá pé òun náà ní ikùn. Kò lo oògùn kankan láti ìgbà tó dé. Ká pín in, bàbá. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan."

Télọ̀ dìde. Ó gbé àga rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá Koríko kọjá bí ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Wolé-wolé sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Dókítà ẹran á fún Jẹ́nsinmi ní oògùn, ajá náà á sì máa lò ó déédéé. Ọ̀rá tí wọ́n bá ti dì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u mọ́. Ààtàn náà àti ilẹ̀ gbogbo ebè tí ilẹ̀dú rẹ̀ dé, wọ́n á wà á tó ìgbọ̀nwọ́ kan jìn, wọ́n á dì í sí àpò, ọkọ̀ á wá kó o lọ sí ibi tí wọ́n á ti rì í mọ́lẹ̀. Alága ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ Bàbá Koríko. Bàbá Koríko ní kí ìgbìmọ̀ jókòó dáadáa, òun ń lọ mú ṣọ́bìrì.

Ọdún méjìlá ló ń kó sínú àpò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, òun nìkan ni. Ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó ń wà á, ó ń bù ú, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún torí ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Ilẹ̀ tó dára bẹ́ẹ̀, tó dúdú bẹ́ẹ̀, tí èèyàn ì bá fi ṣe yangàn fún aráyé. Láti ojú fèrèsé ìsàlẹ̀, Kílódé ń wò ó, ó fi imú tẹ gíláàsì. Ọwọ́ kan wá láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa kọ́tìnì.

Ọjọ́ kejì, Agbẹ̀bí sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgbọ̀nwọ́, irú èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un. Kò kí i. Ó kàn di ẹnu àpò mú kó lè bu ilẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n dé àpò kẹfà, ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ díẹ̀ bàbá, orí ti ń jáde." Bàbá Koríko fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Agbẹ̀bí dúró tì í títí ó fi tán, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ kẹta, Alága wá ka àpò. Ó kà á, ó tún un kà, ó rí i pé kò sí ohun mìíràn tí ìṣirò lè ṣe níbẹ̀, ó wọlé lọ wọ ṣòkòtò àlòkù. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, àwọn èèyàn tí kò mọ orúkọ ara wọn fún ọdún mẹ́ta ti ń pe ara wọn ní ìyá lágbájá, bàbá tàmẹ̀dò, wọ́n ń jà lórí ṣọ́bìrì. Ọkọ̀ kó àpò mọ́kànlélọ́gọ́ta. Lẹ́tà tuntun jáde, pẹ̀lú òǹtẹ̀: ìgbìmọ̀ ti jókòó, Bàbá Koríko ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ yọ ohunkóhun nínú garawa mọ́. Wọ́n fi omi ẹ̀rọ sí ẹ̀bá bẹ́ńṣì, wọ́n gbé ọṣẹ tì í.

Gbogbo èyí dùn mọ́ Bàbá Koríko nínú, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ̀ á mú un wọlé tààrà. Láti ẹnu Agbẹ̀bí ló ń gbọ́ ìròyìn. Ikọ́ ti ń lọ. Ibà ti lọ. Ó ti ń jẹun. Ó ku ojú. Bàbá Koríko ń ka ọjọ́, ó sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó gba ojú tòun dípò ti ọmọ náà, tó bá jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀kan.

Oṣù pé. Láti aago mẹ́jọ tí tìyá tọmọ ti jáde, ó ń gbá ẹnu géètì kan náà títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó rí wọn lókèèrè, ó gbìyànjú láti ka ìrìn télọ̀, kò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Wọ́n kọjá lára rẹ̀. Wọ́n wọlé. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ọkàn rẹ̀ ti pin.

Ilẹ̀kùn tún ṣí. Télọ̀ ló jáde, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà ti bọ́ aṣọ ìjáde, ó ti wọ èyí tó fi ń ṣeré.

"Ojú rẹ̀ mọ́," ni télọ̀ wí. "Méjèèjì. Dókítà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bàbá Koríko tẹjú mọ́ ojú ọmọ náà méjèèjì.

"Mo bínú sí yín, bàbá. Mi ò ní tàn yín, mo ṣì ń bínú. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo rò pé mi ò ní lè wo ojú yín mọ́." Ó tún fìlà ọmọ náà ṣe. "Ṣùgbọ́n mo nawọ́ sókè lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ lé ìyá arúgbó jáde nílé rẹ̀. Tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ì bá ti lọ, ọmọ mi ì bá sì máa jẹ ilẹ̀ yẹn lọ títí di òní. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú yín sọ ọ́."

Ó fa ọmọ náà dé ìdí omi ẹ̀rọ. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà, ìka kọ̀ọ̀kan, abẹ́ èékánná kọ̀ọ̀kan. Ó wo Bàbá Koríko, ó fi ojú pè é. Ọkùnrin náà gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó wá, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ omi.

Nígbà tí ọwọ́ gbogbo wọn gbẹ, télọ̀ mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi sínú ti Bàbá Koríko.

"Aṣọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ parí," ló wí. "Aago mẹ́fà ni màá tó wá mú un." Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.